Ẹ Tún Sítíárìn Ara Ọkọ̀ Yín Ṣe Kí Ẹ Tó Wá Òmíràn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi owó yín ra Volkswagen Ìjàpá àtijọ́, inú mi ń dùn sí yín. Ọkọ̀ tí àwọn kan ti sọ di ilé adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé ni ẹ ń jí dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sítíárìn ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ ń náwó ní ìnákúnàá jù. Àwọn kan nínú yín ní ọ̀rìjínà nìkan ni ó máa wọ ọkọ̀ àwọn, iye yòówù kí wọ́n pè é. Àwọn kan ní àwòṣe tuntun ló ń dán, òun ló sì tètè ń tẹni lọ́wọ́. Èyí tó ti wà lára ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ jù ú sí.

Òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Sítíárìn tó bá ọkọ̀ yín jáde láti ilé iṣẹ́, bó tilẹ̀ ti sán, mo gbé e ga ju ọ̀rìjínà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ọ̀rìjínà ti ọkọ̀ wo? Ti ọdún wo? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni Volkswagen gbé sítíárìn tí irin fèrè rẹ̀ jẹ́ ìlàjì òbírí jáde fún ọkọ̀ ọdún 1960. Nígbà tó di ọkọ̀ ọdún 1972, èyí tó ní ọ̀pá mẹ́rin ti dé. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́ nígbà kan, l'Ékòó níhìn-ín, ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan ní ọjà Ládípọ̀ bá gbé sítíárìn onírin fèrè yẹn síwájú yín, tó búra pé ará Jámánì ló tú u, ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Òótọ́ yẹn ò ní kó jẹ́ ti ọkọ̀ yín.

Kí ẹ lè mọ ọdún ọkọ̀ yín, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, kí ẹ nu ìdọ̀tí kúrò lórí irin tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Ẹ máa rí nọ́ńbà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní Jámánì láti ọkọ̀ ọdún 1965, 11 ló ṣáájú, nọ́ńbà kẹta ló sì ń sọ ọdún: 117 ni ti 1967. Ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ni ọdún ọkọ̀ Volkswagen máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹsàn-án 1966, ọkọ̀ 1967 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi owó ńlá ra ohun tí kò bá ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Oòrùn ló ń ba sítíárìn àtijọ́ jẹ́. Ike líle tí wọ́n fi bo irin inú rẹ̀ máa ń sún kì, irin ò sì bá a sún kì, ni ike bá sán. Ibi tí ọ̀pá ti pàdé etí róbótó tí ọwọ́ ń dì mú ló sábà máa ń kọ́kọ́ là. Ẹ má ṣe kàn fi gọ́ọ̀mù ra ojú rẹ̀. Ẹ fi ojú ayùn irin la ojú sísán náà fẹ̀ títí ẹ ó fi kan irin, kó fẹ̀ lókè, kó tóóró nísàlẹ̀. Ẹ ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ẹ fọ ọ̀rá ọwọ́ tó ti mu sínú rẹ̀ dànù, kí ẹ tó po gọ́ọ̀mù oníméjì bíi Araldite, kí ẹ kì í sínú rẹ̀, kó ga díẹ̀ ju ojú ike lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi sáńpépà fá a títí ìka yín ò fi ní mọ ibi tó ti sán mọ́, kí ẹ tó kun ún lọ́dà. Iṣẹ́ sùúrù ni, mo sì fẹ́ràn kí ọ̀dọ́ ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹni tó ṣe é kì í gbàgbé ọkọ̀ náà.

Àmọ́ bí irin inú rẹ̀ bá ti tẹ̀, tàbí tí wọ́n ti jó o mọ́ra níbì kan, ẹ má fi ẹ̀mí yín wewu nítorí ọ̀rìjínà. Ẹ ra àwòṣe. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà gbé e lọ́wọ́ wò, kí ẹ mọ̀ pé irin gidi wà nínú rẹ̀. Kí ẹ ka eyín àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi wé ti ọ̀pá sítíárìn tó máa jókòó lé, torí Volkswagen pààrọ̀ eyín yìí láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ fi òòlù lù wọlé, ẹ dá a padà fún wọn. Ní ti àwọ̀, ehín erin ni funfun àtijọ́ jọ. Àwòṣe tó bá funfun báláú máa ń tàn lójú jù nínú ọkọ̀ àgbà.

Èyí tí mi ò fẹ́ rí lọ́wọ́ yín rárá ni sítíárìn kékeré ti àwọn eléré ìje. Ìjàpá ò ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ yí táyà. Bí sítíárìn bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe wúwo lọ́wọ́ tó. Ohun tó tún burú jù ni pé láti ọkọ̀ 1968 ni Volkswagen ti ń fi ọ̀pá sítíárìn tó máa ń rún wọnú ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, kó má baà gún awakọ̀ láyà bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Àwọn Amẹ́ríkà fi irú ààbò bẹ́ẹ̀ sínú òfin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún náà. Ẹni tó wá ki irin líle gbọọrọ sáàárín ọ̀pá àti sítíárìn kí ti eléré ìje lè wọlé ti mú irin náà sún mọ́ àyà ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, torí wáyà fèrè gba àárín sítíárìn. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú dúró ṣánṣán, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí ojú ọ̀pá kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà lọ́la, ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé àwòṣe ni sítíárìn rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé èyí tó ti sán náà, ẹ gbé e fún ẹni tó rà á pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.