Ìrìn Ẹsẹ̀ Wa ní Ìlú Àgbádárìgì

Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn, ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe lọ sí Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ẹ̀gùn, èbúté àtijọ́ tí ó wà ní etí ọ̀sà.

Etí ọ̀sà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a rí ilé tí ìjọ C.M.S. kọ́ ní 1845, èyí tí a kà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A dé ibi tí igi Àgíà dúró sí rí, níbi tí a ti wàásù ìhìn rere ní 1842, ọdún tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀. Ìjì wó igi náà ní 1959; òpó ìrántí ni ó rọ́pò rẹ̀. Ní 1843, de Graft, alábàáṣiṣẹ́ Freeman, ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní ìlú yìí.

Ṣùgbọ́n bí a ti wọ àárín ìlú, inú wa bàjẹ́. Ní ilé Mobee a rí ẹ̀wọ̀n tí a fi ń de àwọn ẹrú. Ní agbo ilé Sẹ́ríkí Williams Abass a rí àwọn yàrá tóóró tí a ń há wọn mọ́ kí ọkọ̀ tó dé. Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí Gbẹ́rẹ̀fú, a sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n rìn dé etí òkun.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. A ta Sẹ́ríkí lẹ́rú ní èwe rẹ̀. Nígbà tí ó di ńlá, òun náà di olówò ẹrú. A kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, ìwé ni ó mú bọ̀. Ìyà kan náà ni ó jẹ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ní kí a bẹ́ igi, a ó bẹ́ ènìyàn. Síbẹ̀, olùkọ́ kò gbọdọ̀ tìtorí èyí fi ìdajì ìtàn pamọ́. Òyìnbó ni ó ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ó kó ènìyàn wá sí etí omi. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí a kọ́ wọn nípa ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú, kí wọn lè mọ ohun tí ojúkòkòrò lè sọ ènìyàn dà.