Fífi Orúkọ Sílẹ̀ àti Yíyọ Orúkọ Kúrò ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì gba ìlú Ọ̀jọ́ kọjá. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ìlú Ìbà kò jìnnà sí i. Òkókómáíkò pẹ̀lú wà ní tòsí rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba yàrá gbé. Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá rìn ní àdúgbò wọ̀nyí yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kóra jọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò. Wọ́n ń to orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì tí wọn yóò kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tẹ fọ́ọ̀mù wọn jáde sórí ìwé, wọ́n sì ń sáré gbé e lọ fún olùkọ́ tí ń dámọ̀ràn fún wọn kí ó lè fọwọ́ sí i.

Lójú ẹni tí kò mọ̀, iṣẹ́ kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó yé yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ́la, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kùnà níbẹ̀ ni orí rẹ̀ kò pé. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Àwọn mìíràn sì wà tí ó yẹ kí wọ́n yọ orúkọ kúrò, ṣùgbọ́n tí ìtìjú tàbí ìmẹ́lẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mẹ́ta: bí a ti ń gba kọ́ọ̀sì, bí a ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀, àti bí a ti ń fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pátápátá tàbí fún ìgbà díẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn olùkọ́ ni ó ń ṣètò iṣẹ́ fún gbogbo kíláàsì. Bí agogo bá lù, gbogbo yín ni ẹ ó jọ ṣí ìwé kan náà. Ní yunifásítì, kò rí bẹ́ẹ̀. A pín ẹ̀kọ́ sí kọ́ọ̀sì, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí a ń pè ní yúnìtì. Yúnìtì kan dúró fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí olùkọ́ yóò fi kọ́ni, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì 3 yóò gba wákàtí 3 lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, láìka wákàtí tí yóò fi ka ìwé nínú yàrá rẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀sì kan jẹ́ dandan, ẹni tí kò bá yege nínú wọn kò lè gba oyè. Àwọn kan sì wà tí a fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fúnra rẹ̀ yàn.

Ọ̀nà yìí ní ìtàn. Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Charles Eliot, tí ó jẹ́ olórí ibẹ̀ láti ọdún 1869 títí di 1909, ni ó mú kí òmìnira akẹ́kọ̀ọ́ láti yan ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ gbòòrò sí i. Ní ilẹ̀ tiwa, nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà. Nígbà tí ó di 1960 ni Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ṣílẹ̀kùn. Ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ni a fi dá a sílẹ̀, àpẹẹrẹ Amẹ́ríkà ni ó sì tẹ̀ lé. Lónìí, yúnìtì ni a fi ń ka iṣẹ́ ní àwọn yunifásítì wa. Ẹ kíyè sí i pé níbikíbi tí a bá ti fún ènìyàn ní àyè láti yàn, dandan ni kí a fún un ní àyè láti tún yàn. Ibẹ̀ ni òfin yíyọ orúkọ kúrò ti wá.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. NUC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, fi ìlànà lélẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gba iṣẹ́ tí kò tó yúnìtì 15 ní sáà kan, kí ó má sì ṣe gba èyí tí ó ju 24 lọ. Ẹni tí ó gba yúnìtì 24 ti gba iṣẹ́ wákàtí 24 lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì nìkan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ń ta ọjà ní Alábà lọ́sàn-án kí ó lè rówó jẹun, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí yóò kàwé àti ìgbà tí yóò sùn. Agbára òní kọ́ ni à ń wò nígbà tí a bá ń di ẹrù. Bí ọ̀nà ti jìn tó ni à ń wò.

Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti di ẹrù tán, tí ó sì rí i pé ó wúwo jù, kí ni kí ó ṣe? Ilé-ẹ̀kọ́ ti pèsè sílẹ̀ fún un. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà, àkókò kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún fífi kọ́ọ̀sì kún kọ́ọ̀sì àti fún yíyọ kọ́ọ̀sì kúrò. Ọjọ́ tí àkókò náà yóò parí máa ń wà nínú ìwé ètò ọdún ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba fọ́ọ̀mù, yóò kọ orúkọ kọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ jọ̀wọ́ sí i, yóò sì gbé e lọ fún àwọn tí ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí, kí ó rí i dájú pé a ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé kọ́ọ̀sì náà, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ohun méjì ni kò gbọdọ̀ gbàgbé: bí ó bá yọ kọ́ọ̀sì kan, èyí tí ó kù kò gbọdọ̀ dín sí yúnìtì 15, bí kọ́ọ̀sì náà bá sì jẹ́ dandan, yíyọ tí ó yọ ọ́ lónìí kò yọ ọ́ nínú gbèsè rẹ̀, yóò padà wá kọ́ ọ lọ́jọ́ mìíràn kí ó tó gboyè.

Ẹ wo àwọn obìnrin tí ń dá èésú láàárín ara wọn lọ́jà. Bí ọ̀kan bá sọ pé òun yóò mú ọwọ́ méjì, tí ó sì rí i kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé agbára òun kò gbé e, yóò tọ ìyá tí ń kó owó náà jọ lọ, yóò ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ kan ni kí ẹ kọ fún mi.” Ìyá náà yóò yí i padà, kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, tí èésú bẹ̀rẹ̀, tí kò sì mú owó wá mọ́, gbèsè ni ìyá yóò máa kọ sí i lọ́rùn. Kì í ṣe ọwọ́ kan tí ó fẹ́ mú ni ó kó o sí ìyọnu. Dídákẹ́ tí ó dákẹ́ ni. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú kọ́ọ̀sì. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ bá ṣì wà nínú ìwé, ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé o ṣì ń kọ́ ọ. Òfin wà pé ẹni tí kò bá wá sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn kíláàsì kan kò ní ẹ̀tọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ṣe ìdánwò láìní ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà, òdo ni yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Níbi tí a bá ń lo ìwọ̀n oníkókó 5, ẹni tí ó gba máàkì 70 sókè nínú kọ́ọ̀sì kan ní kókó 5; ẹni tí ó gba 60 sí 69 ní kókó 4; 50 sí 59 jẹ́ kókó 3; 45 sí 49 jẹ́ kókó 2; 40 sí 44 jẹ́ kókó 1; èyí tí kò tó 40 jẹ́ òdo. A óò sọ kókó kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú yúnìtì rẹ̀, a óò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a óò sì fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Kí a sọ pé Lágbájá àti Tàmẹ̀dù gba kọ́ọ̀sì 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yúnìtì 3. Àwọn méjèèjì rí i pé ìkẹfà kò wọ̀ wọ́n, kò sì sí èyí tí ó kọ́ ọ nínú wọn. Wọ́n gba kókó 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 5 tí ó kù. Tàmẹ̀dù yọ orúkọ kúrò nínú ìkẹfà nígbà tí ó yẹ: kókó 60 ni ó ní, yúnìtì 15 ni a fi pín in, ó sì jẹ́ 4.00. Lágbájá kàn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ní tirẹ̀: kókó 60 náà ni ó ní, ṣùgbọ́n yúnìtì 18 ni a fi pín in, ó sì jẹ́ 3.33. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n ní, òógùn kan náà ni wọ́n làágùn. Síbẹ̀, 4.00 wà ní òkè ìpele kejì, 3.33 sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó yà wọ́n kò ju fọ́ọ̀mù kan lọ. Bí kọ́ọ̀sì náà bá sì jẹ́ dandan, Lágbájá yóò tún un ṣe, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kárí-óófà.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wúwo. Àìsàn lè dé, òbí lè kú, owó sì lè tán. Àwọn ará Ọ̀jọ́ kò ní tètè gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2011, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó fò láti 25,000 náírà, tí èyí tí ó kéré jù nínú owó tuntun náà sì lé ní 190,000 náírà fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì bẹ ìjọba, títí tí ìjọba fi dá a padà sí 25,000 ní ọdún 2014. Owó náà ti tún yí padà láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi akẹ́kọ̀ọ́ lè dé bá a lójijì.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá bá kò gbọdọ̀ pòórá bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì. Kí ó kọ ìwé sí akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ olórí ẹ̀ka rẹ̀, kí ó sì tọrọ àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Nínú ìwé náà ni yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ìdí tí ó fi fẹ́ lọ, ìgbà tí ó fẹ́ padà, àti ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ìwé dókítà. Kí ó dúró gba èsì kí ó tó lọ. Ẹni tí ó bá gba irú àyè bẹ́ẹ̀, ó ti fi ìjókòó rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kàn lọ, òdo lórí òdo ni yóò máa kó jọ. Nínú ìlànà NUC, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ kò bá tó 1.00 ní òpin ọdún yóò wà lábẹ́ ìkìlọ̀ fún ọdún kan. Bí kò bá tún tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí, a óò ní kí ó máa lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá rí i pé lílọ yàtọ̀ sí lílọ: ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì rọra pa á dé láìtì í, a ti ẹnìkejì síta, a sì fi àgádágodo sí i.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Kí ni n ó wí fún bàbá mi bí mo bá yọ orúkọ kúrò? Àwọn ẹgbẹ́ mi yóò pè mí ní ọ̀lẹ.” Lóòótọ́, ọ̀lẹ wà. Ẹni tí ó bá ń sá fún gbogbo kọ́ọ̀sì tí ó bá le, tí ó ń fi òní dọ́la, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gboyè láéláé, yíyọ orúkọ kò sì lè gbà á. Kí ènìyàn kọ́kọ́ gbìyànjú, kí ó tọ olùkọ́ lọ, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ṣe é ṣíwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ sọ òtítọ́ fún ní ọ̀sẹ̀ kẹta lè bínú títí di alẹ́. Bàbá tí ó gbọ́ ní ọdún kẹrin pé a ti lé ọmọ òun láti ọdún kejì, ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣì jìnnà sí yín. Bí ẹ bá ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, nínú èyí tí a ń ṣe ẹ̀kọ́ 8 tàbí 9, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ irú yíyàn yìí. Ẹni tí ó fẹ́ di dókítà, tí ó sì pa kẹ́mísírì tì nítorí pé ó le, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ wádìí kí ẹ tó yàn. Ẹ mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì. Bí ẹrù bá sì wúwo, ẹ sọ fún ẹni tí ó lè bá yín sọ̀ ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdánrawò

1. Kí ni yúnìtì? Ṣe àlàyé rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan.
2. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpíndọ́gba Lágbájá àti ti Tàmẹ̀dù?
3. Ọ̀nà wo ni kọ́ọ̀sì fi jọ èésú nínú àyọkà yìí?
4. Sọ ìtumọ̀ òwe wọ̀nyí bí a ti lò wọ́n níhìn-ín: (a) Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. (b) Akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ.
5. Kọ lẹ́tà sí akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, kí o fi tọrọ àyè láti dá ẹ̀kọ́ rẹ dúró fún ọdún kan nítorí àìsàn.