Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Kíkọ́ Ìmọ̀ Àkóso Iṣẹ́ Àkànṣe ní Yunifásítì Láìfi Ilé Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ẹ ń bi wá nínú ìpàdé láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti kọ́ ìmọ̀ àkóso iṣẹ́ àkànṣe, lẹ́yìn oyè kìíní, láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ó yẹ, bí ẹni náà bá mọ ohun tó fẹ́ kọ́, bó bá yẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà wò dáadáa, àti bó bá lè ṣètò àkókò ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Símẹ́ńtì tó di òkúta

Ẹgbẹ́ kan wà tí a máa ń bẹ̀ wò. A kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìṣe gaàrí. Bí ẹ̀yáwó ṣe jáde, wọ́n ra gbogbo símẹ́ńtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹbí tó ni ilẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé tó jáde, àpò símẹ́ńtì tó ti dì ju èyí tó dára lọ.

Nígbà tí a yẹ ìwé ìṣirò wọn wò, kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Akápò kó gbogbo rìsíìtì sílẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀, síbẹ̀ owó àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ti wọ ilẹ̀ lọ, èlé sì ń ka oṣù lórí ẹ̀yáwó náà. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú àti ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e ni wọn kò ní.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nìkan ni irú èyí ń bá. Gbogbo wa tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí ìdúró iṣẹ́ ọ̀nà oníbejì yẹn ti pẹ́ tó. Ọdún 2010 ni wọ́n gbé iṣẹ́ apá yẹn fún agbaṣẹ́ṣe, ó sì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí àwọn awakọ̀ fi ń fi ẹ̀mí wọn wéwu lójú ọ̀nà àtijọ́. Iṣẹ́ tó bá dúró lójú ọ̀nà, ẹnìkan ló ń san owó rẹ̀.

2. Kí ni ìmọ̀ yìí ń kọ́ni?

Iṣẹ́ àkànṣe ni iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin. Gaàrí dídín lójoojúmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe; kíkọ́ ilé tí a ó ti máa dín in ni iṣẹ́ àkànṣe. Ìmọ̀ àkóso rẹ̀ ń kọ́ni bí a ṣe ń pinnu ohun tí iṣẹ́ náà kó sínú àti ohun tí kò kó sínú, iye àkókò tí yóò gbà, iye owó rẹ̀, bó ṣe gbọ́dọ̀ dára tó, ewu tó lè dé bá a, àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, àti bí a ṣe ń bá gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 1910 sí 1919, Henry Gantt, ará Amẹ́ríkà, sọ àwòrán kan di mímọ̀ tó ń fi ìlà hàn ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó parí. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ DuPont bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà kan láti wá iṣẹ́ tí kò gba ìdádúró rí. Ní 1958, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún ohun ìjà Polaris. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìṣe gaàrí ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká sọ pé bí àkókò iṣẹ́ ṣe rí nìyí:

(a) Ìwé ilẹ̀ àti àṣẹ ìkọ́lé: ọ̀sẹ̀ 6.
(b) Ìpìlẹ̀ àti ògiri: ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn (a).
(d) Òrùlé: ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn (b).
(e) Ẹ̀rọ tí a ó fi rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí a ó fi fún omi rẹ̀ dànù, lọ́wọ́ jórinjórin: ọ̀sẹ̀ 8; ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.
(ẹ) Kànga gbígbẹ́: ọ̀sẹ̀ 3, lẹ́yìn (a).
(f) Ẹ̀rọ títò àti dídán wò: ọ̀sẹ̀ 1, lẹ́yìn (d), (e) àti (ẹ).

Bí a bá ń ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń dúró kí ọ̀kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 24 ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí jórinjórin bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tí agbẹ́kànga sì ń gbẹ́ nígbà tí ògiri ń lọ sókè, ọ̀nà tó gùn jù ni (a), (b), (d), (f): 6 àti 4 àti 2 àti 1, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13. A ti jèrè ọ̀sẹ̀ 11 láìná kọ́bọ̀ sí i.

Ẹ wo ohun mìíràn níbẹ̀. Bí jórinjórin bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ 3 ju àdéhùn lọ, iṣẹ́ kò ní pẹ́, nítorí ó ní ààyè ọ̀sẹ̀ 4. Agbẹ́kànga ní ààyè ọ̀sẹ̀ 3. Ṣùgbọ́n bí ìwé ilẹ̀ bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ 3, gbogbo iṣẹ́ ló pẹ́ ọ̀sẹ̀ 3. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹbí tó ni ilẹ̀ ló yẹ kí alága máa lọ láràárọ̀. Símẹ́ńtì kò sì gbọdọ̀ wọlé kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó sún mọ́ òpin.

3. Kíkàwé láti ilé kì í ṣe ohun tuntun

Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò sí ní London ṣe ìdánwò rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kàwé fúnra rẹ̀ níhìn-ín, láàárín òwò àti iṣẹ́, ó sì gba oyè ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì London ní 1944, kó tó lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ òfin. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ló gba ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ NTI ti Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, tí wọn kò sì fi kíláàsì wọn sílẹ̀.

Òfin tó dá National Open University, tí a ń pè ní NOUN, sílẹ̀ jáde ní 1983. Ìjọba ológun dá a dúró ní oṣù kẹrin 1984, kò sì padà bẹ̀rẹ̀ àfi ní 2001. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn. LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn ló ní ẹ̀kọ́ àkóso iṣẹ́ àkànṣe lẹ́yìn oyè kìíní, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.

4. Ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó sanwó

Èkíní, ṣé NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì, fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà gan-an? Ìfọwọ́sí yunifásítì nìkan kò tó. Ẹ béèrè nípa ẹ̀kọ́ náà, ẹ sì béèrè bóyá wọ́n fọwọ́ sí i fún ọ̀nà jíjìn.

Èkejì, ìwé-ẹ̀rí wo ni ẹ ní lọ́wọ́? Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni tó ní HND ti politẹ́kíníìkì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe díplómà lẹ́yìn oyè kìíní, kí wọ́n tó gbà á fún oyè kejì. Ẹ ka àkókò àti owó méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹta, èló ni gbogbo rẹ̀? Owó ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ìdánwò wà, owó ìwádìí ìkẹyìn wà, owó dátà wà, owó ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìdánwò sì wà.

Ẹ̀kẹrin, bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun, ẹ rántí pé owó wọn ni ẹ ó fi san, náírà sì lè já wálẹ̀ kí ẹ tó dé àárín ẹ̀kọ́. Ẹ tún béèrè bí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ ṣe ń yẹ irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe da PMP pọ̀ mọ́ oyè yunifásítì. PMP jẹ́ ìwé-ẹ̀rí ti ẹgbẹ́ àwọn alákòóso iṣẹ́ àkànṣe kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ó wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń béèrè ìrírí iṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní òun yóò fún yín ní oyè kejì lóṣù mẹ́ta láìsí ìdánwò, ẹ sá fún un.

5. Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ni

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, politẹ́kíníìkì ni a ti gba díplómà. Nígbà kan a forúkọ sílẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí. A sanwó, a gba ìwé, a tò wọ́n sórí tábìlì. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ 3 kí a tó ṣí ìwé kìíní. Nínú kọ́ọ̀sì 4, a kùnà 2. Ilé-ẹ̀kọ́ kò jẹ̀bi rárá. Àwa tí à ń bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wí pé kò ṣètò, a kò ṣètò tiwa. Ojú tì wá.

Nígbà tí a padà sí i, a ṣe é bíi ilé ìṣe gaàrí. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kọ́ 14, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ 16. A ní kí ẹ̀kọ́ kan nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan parí lọ́sẹ̀ kan, tó túmọ̀ sí pé a ní ààyè ọ̀sẹ̀ 2. A ń kàwé láti aago 5 sí aago 6 ìdájí, ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, àti wákàtí 3 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òkú àna gba ọ̀sẹ̀ kan, ibà gba ọ̀sẹ̀ kan, ààyè wa sì tán pátápátá. Ṣùgbọ́n a dé ibi ìdánwò láìjẹ gbèsè ẹ̀kọ́ kankan, a sì yege.

6. Ipa ti ẹgbẹ́

Àwọn aṣáájú wa ní Rochdale, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1844, máa ń ya ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún èrè sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ nígbà tó yá. Nítorí náà, kì í ṣe àṣejù bí ẹgbẹ́ bá yá ènìyàn lówó ìwé. Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹgbẹ́ má kó gbogbo owó jáde lẹ́ẹ̀kan. Kí ó san ti ìdajì ọdún kìíní, kí ó rí èsì ìdánwò, kí ó tó san èyí tó kàn. Kí onídùúró méjì fọwọ́ sí i bíi ẹ̀yáwó mìíràn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ náà sì ṣèlérí pé òun yóò bá ìgbìmọ̀ ṣètò iṣẹ́ àkànṣe ẹgbẹ́ kan láìgba owó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ìpàdé

(1) Iṣẹ́ wo ni ẹgbẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ tí kò parí? Kí ló yẹ kó ṣáájú tí ẹ fi sẹ́yìn?
(2) Nínú àpẹẹrẹ ilé ìṣe gaàrí, bí ògiri bá gba ọ̀sẹ̀ 6 dípò 4, ọ̀sẹ̀ mélòó ni gbogbo iṣẹ́ yóò gbà? Ààyè mélòó ni jórinjórin yóò ní?
(3) Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀yáwó ìwé lè fi kàwé? Kí ó kọ wọ́n sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn ìbéèrè kìíní sínú ìwé ìpàdé. Nígbà tí a bá tún wá bẹ̀ yín wò, ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.