Nígbà Tí Ìwọ àti Ọ̀rẹ́ Sùtánà Rẹ Bá Tún Pàdé

Àbúrò mi, bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial Church of Christ) láti Nàìjíríà, Benin àti Tógò ń múra àtilọ ṣe àjọ̀dún ní Ìmẹ̀kọ, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣàdédé rántí ẹni tí a jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà èwe. Bóyá ìwọ náà ti rí tìrẹ lórí WhatsApp. Gbọ́ tèmi kí o tó lọ bá a.

Má ṣe fi "Páríṣì wo lo wà báyìí?" ṣáájú. Ìbéèrè yẹn wúwo ju bó ṣe rí létí lọ. Láti ìgbà tí Bàbá Oshoffa, tó dá ìjọ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947, ti papòdà ní 1985, àríyànjiyàn lórí ta ni yóò jókòó sípò rẹ̀ ti tú ọ̀pọ̀ ará ká, àwọn kan sì bọ́ sí ìjọ mìíràn pátápátá. Bí o bá bi í bẹ́ẹ̀, yóò rò pé o fẹ́ mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà.

Ìyá rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ béèrè, ìyá tó ń bá yín fi búlúù ṣan sùtánà, aṣọ ìsìn wa, kó lè funfun báláú. Bí màmá bá ti lọ, bá a kẹ́dùn dáadáa, kódà bó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù nìyí. O mọ̀ pé wòlíì lè ríran sí ọmọge lójú gbogbo ìjọ. Ìran mìíràn ń fúnni láyọ̀. Òmíràn a sì lé àfẹ́sọ́nà sá, a dójú ti òbí, ọmọ náà kò sì ní padà wá mọ́. Bó bá jẹ́ irú èyí ló lé ọ̀rẹ́ rẹ lọ, jókòó tì í, kó sọ ọ́ tán. Kò nílò wòlíì kejì. Kò sì nílò kí o bá a bú ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ilé rẹ ni kí o pè é sí, kì í ṣe ìsìn oṣù tuntun ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ṣe oúnjẹ tó fẹ́ràn. Bó bá ní bíà lòun fẹ́, o lè sọ pé kò sí nílé rẹ láì ṣe ìwàásù. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo kúrò tí òun dúró, bọ̀wọ̀ fún bó ṣe ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán nínú sùtánà. Ìwọ náà ti rìn bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ọ̀rọ̀ owó yíyá bá jẹyọ níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, má kàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Pè é kí ọdún tó dé, kó gbọ́ ohùn rẹ.