Ara Yíyún Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ara yíyún, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Anas, ara ń yún sàhábé méjì, Zubayr àti Abdur-Rahman ọmọ Awf. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yọ̀ǹda fún wọn láti wọ sẹ́dà, bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni sẹ́dà fún ọkùnrin. Èyí fi yé wa pé àìsàn ni ara yíyún, kì í ṣe ohun ẹ̀gàn, ó sì tọ́ kí a wá ìtọ́jú fún un.

Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, iṣẹ́ oko ń gbé ọ̀pọ̀ wa lọ sí etí odò. Eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tó ń yé sínú odò tó ń ṣàn kíkankíkan. Ọ̀sán ló ń jẹ ènìyàn. Bí ó bá ń jẹni léraléra, ó lè fi aràn àrùn ìfọ́jú etí odò síni lára. Àgbà aràn yìí lè lo nǹkan bí ọdún 15 nínú ara. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń rìn kiri lábẹ́ awọ ló ń fa yíyún, wọ́n sì lè fọ́ni lójú.

Mectizan ni oògùn rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi tọrẹ láti ọdún 1987. Ẹ fetí sí èyí o: ọmọ aràn ni oògùn náà ń pa, kì í pa àgbà. Ìdí nìyí tí yíyún fi ń padà wá, tí a sì fi ń lò ó lọ́dọọdún, bí ara tilẹ̀ ti rọni. Lẹ́yìn tí a bá lò ó, yíyún lè pọ̀ sí i fún ọjọ́ díẹ̀, ara sì lè wú. Aràn tó ń kú ló fà á. Ẹ má torí rẹ̀ sá fún oògùn. Ṣùgbọ́n aláboyún, ọmọ tí kò tó ọdún 5, abiyamọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bímọ, àti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó.

Kì í ṣe gbogbo yíyún ni ti aràn. Kúrúnà ń yúnni, ẹ́kísímà náà ń yúnni. Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí ẹ tó ra ìpara lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ ẹ́kísímà, kí ẹ yẹra fún ọṣẹ tó le, kí ẹ sì máa fi òrí tàbí fasilín para lójoojúmọ́, kété tí ẹ bá wẹ̀ tán.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní àlàáfíà. Àmín.