Okùn Ni, Kì í Ṣe Ejò: Ẹ̀kọ́ Lórí Pósítà Sinimá Adẹ́rùbani

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tí ojú wa ń rí ṣùgbọ́n tí a kì í rò wò: pósítà sinimá adẹ́rùbani.

Láti ìgbà tí olóògbé Hubert Ògúndé ti gbé sinimá Aiyé jáde ní 1979 ni àjẹ́ àti oṣó ti di ohun tí àwọn onísinimá Yorùbá fi ń pawó. Nígbà tí fídíò gbòde ní àwọn ọdún 1990, pósítà wọn wà lára ògiri láti Ìdúmọ̀tà títí dé Igbó-Ọrà àti Èrúwà. Lónìí, orí fóònù ni àwòrán náà pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń ta.

Kí ni ọgbọ́n ọ̀hún?

1. Àwọ̀: Dúdú rán wa létí òru, pupa rán wa létí ẹ̀jẹ̀. Kí a tó ka orúkọ sinimá, àyà ti já.

2. Ìmọ́lẹ̀: Òkè ni oòrùn ti ń tàn sí wa lójú. Bí wọ́n bá tan iná láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, òjìji á bọ́ síbi tí kò yẹ, ojú tí a mọ̀ á di àjèjì. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì dán an wò níwájú dígí.

3. Ìwọ̀n: Orí àjẹ́ á tóbi bí òkè, ẹni tí ó ń lé á kéré bí èèrà.

4. Àdàlù: Wọ́n á so ìwo mọ́ orí ènìyàn, wọ́n á so orí obìnrin mọ́ ara ejò.

5. Ìfipamọ́: Wọ́n á fi ìdajì ojú hàn nínú òkùnkùn. Ọkàn wa fúnra rẹ̀ ni yóò ya ìyókù.

Ní Ghana, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ayàwòrán a máa fi ọwọ́ kun pósítà sórí àpò fúláwà fún àwọn tí ń gbé fídíò kiri ìlú nígbà náà. Nígbà mìíràn, ayàwòrán kò tilẹ̀ tíì wo sinimá náà. Ohun tí ó yà lè má sí nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ èrò á sanwó wọlé.

Súrà Tọ́hà, àáyà 66 sí 69, ti fi irú èyí hàn wá. Okùn àti ọ̀pá ni àwọn òpìdán Firiaona jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n lójú Ànábì Mùsá, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn. Ẹ̀rù bà á nínú ọkàn rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀rù bani kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a bá sá lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni Mùsá gbọ́kàn lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewu tó wà níbẹ̀. Ta ni wọ́n sábà máa ń yà? Ìyá arúgbó ni, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Ní Ìbàràpá wa níhìn-ín, ìyá tó ti ń yan gàrí láti ìgbà èwe, ojú rẹ̀ kò ṣe ní í má pọ́n? Èéfín ni! Ṣùgbọ́n ọmọ tí pósítà ti kọ́ á máa yà fún un lọ́nà. Bí àìsàn bá wọlé, wọ́n á wá aláwo lọ kí ó dárúkọ àjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbọ àti ìbanijẹ́ ṣe ń wọlé papọ̀.

Ìsìláàmù kò sọ pé idán kò sí. Súrà Bákárà, àáyà 102, kọ́ wa pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára àyàfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Súrà Hujuráátì, àáyà 12, sì kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá sí ọmọnìkejì.

Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ lálẹ́, ka Áyátúl-Kúrísíyù, Fàlákì àti Náásì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, lọ kí ìyá àgbà àdúgbò rẹ, kí o sì bá a pọn omi.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
(a) Mú àwòrán sinimá kan. Èwo nínú ọgbọ́n márààrún ló wà níbẹ̀?
(b) Ǹjẹ́ o ti fura sí àgbàlagbà kan rí láìní ẹ̀rí? Kí ló yẹ kí o ṣe báyìí?

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a bẹ̀rù ẹ̀dá ju Ẹlẹ́dàá lọ. Àmín.