Àìrìnjìnnà Ni Àìrí Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà á rí abuké erin. Kò sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé òwe yìí fún ará Èjìgbò, àwa tí àwọn òbí wa ti sọ Àbíjàn di ilé kejì tipẹ́. Ìrìnàjò kan wà ṣá tí kò gba owó bọ́ọ̀sì, tí aṣọ́bodè kankan kò lè dá wa dúró níbẹ̀: ìwé kíkà lórí fóònù. Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ kà á tán, kí ẹ tó wá òmíràn.

Samuel Johnson, àlùfáà Ọ̀yọ́, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tán ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sílùú Òyìnbó, ìwé sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ṣa àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, ó tún un kọ. Ní 1916 tó fi tuntun ránṣẹ́, ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ òkun tó gbé e, ó di Amẹ́ríkà. 1921 ni ìwé tó jáde, Obadiah pẹ̀lú ti kú.

Ìwé tó jẹ irú ìyà yìí, ọ̀fẹ́ ni lónìí lórí archive.org. Johnson ka Èjìgbò mọ́ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, nítorí náà kí ọmọ ilé máa tú u fún àgbà, kí àgbà sì máa bá a jiyàn. Iyàn yóò pọ̀, torí ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fi Faransé kàwé l'Ábíjàn, Gallica ni tiyín: ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé ló kó ìwé àtijọ́ síbẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì wà ní Project Gutenberg, tí Michael Hart dá sílẹ̀ ní 1971.

Ìgbà ara là á búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tí iná bá wà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dára, ni kí ẹ gba ìwé sórí fóònù, kí ẹ kà á lọ́jọ́ tí kò sí dátà. Ọ̀nà yìí náà ni Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun pín fáwọn ọmọ iléèwé ní 2013, tọ̀: inú rẹ̀ ni ìwé wà. Ìwé oríṣi EPUB kì í jẹ dátà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán ojú ìwé di ọ̀rọ̀ máa ń da orúkọ Yorùbá rú nínú rẹ̀; PDF tó jẹ́ àwòrán ojú ìwé gan-an ni kí ẹ gbà fún ti Johnson.

Ìwé Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, ńkọ́? 1963 ló kú, òfin Nàìjíríà sì fún òǹkọ̀wé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp kì í ṣe ọ̀fẹ́, ohun olóhun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tiyín.